Ìgò Mẹ́sàn-án Omi Ògùn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Inúolúwa ti odò dé ní agogo mẹ́rin, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ebi ń pa á bí ẹni tó ti oko ẹrú bọ̀. Ìgò mẹ́ta tún wọ fírísà mi. Mẹ́ta ti ọjọ́ kejì oṣù, mẹ́ta ti ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́ta ti òní. Mẹ́sàn-án pé. Oníìgò — orúkọ tí mo sọ Inúolúwa ọmọ mi nìyẹn, òun kò mọ̀ — ní mẹ́sàn-án yìí gan-an ni òun ń dúró dè láti oṣù karùn-ún. Odò Ògùn ti kún dé góńgó. Láàárín ọdún kan, kíkún yẹn kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lọ.

Mo ní kí ló wà nínú omi tí èèyàn fi ń fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣòfò. Ó ń jẹ ẹ̀bà, ó ń ṣàlàyé. Ó ní òjò ń fọ ọ̀rá ilẹ̀ àti ajílẹ̀ kúrò lóko láti òkè lọ́hùn-ún, odò ń rù ú gba Abẹ́òkúta wá, ó ń dà á sí ọ̀sà, ọ̀sà ń tì í sókun. Àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí nínú òkun ń jẹ ẹ́, ẹja ń jẹ àwọn yẹn, àwa ń jẹ ẹja. Bó bá kéré jù, ẹja kò ní sí. Bó bá pọ̀ jù, omi á hu ewé, ẹja á kú. Òun fẹ́ mọ iye tó ń lọ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ohun tó fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Mo ní èmi rò pé òkun ń tọ́jú oúnjẹ ara rẹ̀.

Fírísà ilé-ẹ̀kọ́ wọn ti kú láti oṣù kẹfà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo tèmi. Ẹja mi lápá ọ̀tún, odò rẹ̀ lápá òsì. Akínfẹ́nwá ọkọ mi ì bá rẹ́rìn-ín títí, bí ó bá wà láyé.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Tíráńsífọ́mà kílóòsì wa, òpópó wa níhìn-ín ní Festac, bú gbàù láàárọ̀ yìí. Èéfín. Àwọn tó wá wò ó mi orí bíi dókítà, wọ́n bá tiwọn lọ.

Bernice wá pọn omi nígbà tí mo tan jẹnẹrétọ̀. Òun ló ń gbé yàrá méjì ẹ̀yìnkùlé mi, òun àti Ìyìn, ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ oṣù méjì. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Bonny, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń wálé. Omi ọyàn Bernice kò tó ọmọ, ó sì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Trade Fair, nítorí náà mílíìkì inú agolo ni Ìyìn ń mu. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án, èmi ni mo ń po mílíìkì rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà jù láti gbé jó.

Omi ẹ̀rọ mi ni ìdajì kílóòsì ń pọn. Akínfẹ́nwá ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ yẹn, ó ní omi kì í ṣe ohun tí à ń fi du aládùúgbò. N kò lé ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Oníìgò lọ sí Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ kan, láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ omi wò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wí i kó tó jáde. "Mọ́mì, ẹ máa tan jẹnẹrétọ̀, wákàtí méjì láàárọ̀, wákàtí méjì nírọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ yọ́ o. Tó bá ti yọ́, ó ti spoil nìyẹn." Mo ní ṣé èmi ni yóò máa kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹrù, èmi tí mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tọ́jú sítọ́ọ̀ ìjọba àpapọ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. Mo ṣèlérí.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Ìpàgọ́ àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Aláriwo — jẹnẹrétọ̀ nìyẹn — ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta láàárọ̀, mo fi wákàtí kan ṣe èènì. Fírísà tí a kò ṣí kì í tètè yọ́. Bernice gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀la ni n ó padà.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

N kò padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àdúrà gbóná, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kúrò títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìwé ọmọ mi ni mo kúnlẹ̀ tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹja ti yọ́, ó ti jẹrà, omi ẹ̀jẹ̀ kún ìsàlẹ̀ fírísà, ìgò mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sì léfòó nínú rẹ̀. Ìdérí àwọn kan ti ṣí. Omi inú wọn ti pọ́n.

N kò rò ó. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo da ẹja nù, mo da omi inú ìgò nù, mo bu ọṣẹ, mo fọ gbogbo rẹ̀ — fọ ìgò pàápàá. Ìgbà tí mo dojú wọn dé sórí tábìlì kí omi lè ro kúrò lára wọn ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Ìgò mẹ́sàn-án. Mímọ́ tónítóní. Òfìfo.

Mo jókòó. Mo dìde. Bébà àlẹ̀mọ́ ara wọn ti bọ́, ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ̀rọ̀ ara wọn sójú ìwé kan tó lẹ̀ mọ́ ara fírísà: Ògùn, ọjọ́, wákàtí, nọ́ńbà. Mo gé bébà tuntun. Mo kọ ọ́ bó ṣe wà. Mo fara wé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ — lẹ́tà G tirẹ̀ ní ìrù gígùn. Mo tan Aláriwo, mo lọ sídìí ẹ̀rọ, mo pọn omi sí wọn dé ibi tí òun máa ń kún wọn dé. Òun náà ti máa ń sẹ́ ẹrẹ̀ kúrò nínú omi odò kó tó gbé e wálé, nítorí náà omi mímọ́ jọ omi mímọ́.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, iná dé. Gbogbo kílóòsì hó yèè. Nígbà tó fi di ọ̀la, wọ́n á ti dì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Ní sítọ́ọ̀, kò sí ohun tó dín lọ́wọ́ mi rí. Bí ìgò íǹkì bá fọ́, mo ti fi òmíràn sípò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Èèyàn tó bá lọ kọ̀wé pé nǹkan fọ́, ìbéèrè rẹ̀ kò ní tán láé. Àwọn aṣàyẹ̀wò á dé, wọ́n á kà á, á pé. Màdáámù Pípé ni wọ́n ń pè mí. Ìgò íǹkì jọ ìgò íǹkì, àbí? Omi jọ omi.

Mo ti ń wí i fún ara mi láti àárọ̀. Kò wọ̀ mí létí.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Oníìgò dé. Ó ṣí fírísà, ó kà wọ́n, ó bú sórin. "Mọ́mì, ẹ try gan-an!" Ó ní ní Ìbàdàn òun kò rí oorun sùn nítorí ìgò wọ̀nyí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kúnlẹ̀ gidi, orúnkún kan ilẹ̀. Ẹnu mi ti là láti sọ ọ́. Ó fa ṣáálì kan yọ nínú báàgì, ó wé e mọ́ mi lọ́rùn. Mo pa ẹnu mi dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ti kó wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Fírísà ṣófo. Kò wù mí láti ra ẹja sí i.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ òmìnira. Òjò. Ìyìn rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín tòótọ́, kì í ṣe ti oorun.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí sí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi ní ìpàgọ́. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Èsì dé. Oníìgò sáré wọlé, kò bọ́ bàtà. Oṣù karùn-ún, mẹ́ta. Oṣù kẹfà, mẹ́fà. Oṣù keje, márùn-ún. Oṣù kẹjọ, mẹ́rin. Oṣù kẹsàn-án — ọgọ́rin! Náítíréètì ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n wọ̀n, iye mílíígíráàmù rẹ̀ nínú lítà omi kan, ohun tó ń mú ewéko dàgbà, òun ni odò ń rù lọ bọ́ òkun. Ó ní kò sí ẹni tó rí irú iye yẹn rí nínú Ògùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó tún omi ìgò yẹ̀ wò. Ó tún un yẹ̀ wò. Ọgọ́rin náà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ní ọmọ yìí ti rí nǹkan ńlá.

Mo ní o kú oríire.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo bi í léèrè bí ìgò mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ṣe rí. Ó ní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba — ọgọ́rin, mọ́kàndínlọ́gọ́rin, mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ní ohun tó jẹ́ kó dá òun lójú nìyẹn. Báwo ni wọn ò ṣe ní í dọ́gba? Ẹnu ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ti jáde.

Ó jẹ́ pé omi ẹ̀yìnkùlé mi lọ́ràá ju odò lọ. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín tí kò dé inú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí àdúgbò Raji Rasaki, sọ́dọ̀ Ọlákìtán. Àwa méjèèjì la jọ ṣiṣẹ́ ìjọba, òun nídìí fáìlì, èmi ní sítọ́ọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Margaret, ta ló rí ẹ?" Mo ní kò sí. Ó ní fáìlì ti wọlé nìyẹn, inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Ó ní òkun kò ní gbẹ nítorí ìgò mẹ́sàn-án, àti pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó bu mọ́ínmọ́ín fún mi. Mo jẹ méjì. Ojú tì mí pé ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Oníìgò lọ bá àwọn apẹja tó máa ń ta ẹja fún àwọn ará Ijegun-Egba. Ó ní ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rá tó pọ̀ tó ọgọ́rin lè mú kí omi hu ewé lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹja kú kọjá bó ṣe yẹ. Ó ní bàbá kan bi òun pé ṣé kí òun ta ọkọ̀ ojú omi òun kó tó di nígbà náà ni. Ó ní àánú bàbá náà ṣe òun.

Àánú rẹ̀ ṣe èmi náà. Omi ilé mi ló fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Iléeṣẹ́ ìmọ̀ òkun kan ní ìlú Jámánì kọ̀wé sí Oníìgò. Wọ́n ti gbọ́ nípa ọgọ́rin náà. Wọ́n fẹ́ kó wá bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, bí àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé ní ìpàdé ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀. Ó sunkún. Ó fà mí dìde, ó ń jó yí mi ká pálọ̀. "Fírísà yín ló ṣe é o, Mọ́mì!"

Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo jókòó síbẹ̀ títí omi garawa fi tutù. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá sọ ọ́, mo ba ayé ọmọ mi jẹ́. Bí n kò bá sọ ọ́, irọ́ ni mo fi rán an lọ sílùú òyìnbó, ọjọ́ kan lẹnìkan á tún bu omi Ògùn, wọ́n á sì pè é lónírọ́. Mo ti pinnu. Ọ̀la ni n ó sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

N kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kẹwàá

Ìyìn kò yá. Ó ń sùn jù. Mo po mílíìkì, ó mu ìdajì, ó sinmi bí arúgbó tó gun àtẹ̀gùn. Ètè rẹ̀ ṣe bí ti ẹni tó mu sóbò. Bernice gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré, wọ́n ní òtútù ni, kó máa wọ̀ ọ́ láṣọ dáadáa. Mo ní kí Bernice rí i pé òun ń se omi rẹ̀ hó. Ó ní ogún ìṣẹ́jú lòun máa ń sè é. Mo yìn ín. Èmi náà ń sè é bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Lẹ́yìn ìsìn, Oníìgò fi èmi nìkan dánra wò fún ìpàdé ọjọ́ kẹtàlá. Ó dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ bí ajíyìnrere. Mo fẹ̀yìn tì, mo ṣe bí àgbà ilé-ẹ̀kọ́, mo ní kó gbóhùn sókè. A ń rẹ́rìn-ín. Títí ó fi dé ibi ọgọ́rin.

Ó ní kí wọ́n lè mọ bó ṣe pọ̀ tó, àádọ́ta ni òpin fún omi tí èèyàn ń mu. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà lè má mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé èémí kiri ara mọ́. Ètè á dúdú, èékánná á dúdú. Sísè kò lè lé e lọ, bí omi ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò ló túbọ̀ ń ki. "Àmọ́ ta ló ń mu omi Ògùn, Mọ́mì? So, kò lè pa èèyàn lára." Ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. N kò gbọ́ ìyókù.

Nígbà tó wọlé lọ sinmi, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Láti ẹnu kànga ẹ̀rọ dé sókàwé, kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn yàrá ẹ̀yìn ń ṣàn sí, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Ilẹ̀ Festac sì rèé, ilẹ̀ omi, kò sí ohun tí a rì sínú rẹ̀ tí kò ní rìn. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ sókàwé yẹn síbẹ̀ lẹ́yìn tí Akínfẹ́nwá kú. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ní ó sún mọ́ kànga jù, kí a gbé e síwájú ilé. Mo ní kò gbọdọ̀ ba òdòdó mi jẹ́.

Jésù, ṣàánú mi.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Mo ti ẹ̀rọ pa. Mo lẹ bébà mọ́ ọn: Ẹ̀RỌ BÀJẸ́. Omi inú ọ̀rá tí mo rà ni mo fi po mílíìkì Ìyìn lọ́sàn-án. Mo sọ fún Bernice pé kó má fún ọmọ ní omi ẹ̀rọ mọ́ títí a ó fi tún un ṣe. Ó ní ẹ ṣeun, Mọ́mì, kò bi mí ní nǹkan kan.

Mo tún ṣe é, àbí? Mo tún fi nǹkan dí àlàfo, mo tún lẹ bébà mọ́ ọn. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́fà, ọwọ́ mi kò mọ nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

Ìyìn mu díẹ̀ sí i lọ́sàn-án. Bóyá ó ti tán náà nìyẹn. Olúwa, jẹ́ kó ti tán.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Kò tán. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni Bernice ti ń pọn omi nílé kejì, tó ń fi po mílíìkì lálẹ́ àti láàárọ̀. Kí ni kó ṣe? Ẹ̀rọ bàjẹ́ ni mo wí. Ilé kejì, ilẹ̀ kan náà, ẹ̀yìn sókàwé kan náà ni kànga tiwọn wà.

Agogo méje àárọ̀, ó ké dé ẹnu ọ̀nà mi. Ọmọ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ bí eérú. Inúolúwa ló wa ọkọ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, àwọ̀ rẹ̀ kò padà. Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà dà bíi tíì tí a po kòkó sí. Ó ń wò ó lójú ìmọ́lẹ̀, ó ń bi Bernice bóyá ọmọ gbé nǹkan mì, bóyá wọ́n fún un ní àgbo. Bernice ń mi orí. Ó ní omi sísè lòun ń fún un, omi sísè nìkan, sísè gidi.

Inúolúwa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo ohun tí ọgọ́rin ń ṣe lára ọmọ, ó mọ̀ ọ́n, ó sọ ọ́ fún mi ní pálọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí ọgọ́rin wà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Mo fà á lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ní ìgò mẹ́sàn-án yẹn kì í ṣe Ògùn. Mo ní mo jẹ́ kó yọ́, mo dà á nù, omi ẹ̀rọ ilé wa ni mo rọ sí i. Báyìí ni mo sọ ọ́, n kò fi nǹkan kan bò ó. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo ń sọ. Lẹ́yìn náà mo rí i lójú rẹ̀, ibi tó ti fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀ tó bọ́ sórí ọmọ. Ó sáré. Mo gbọ́ tó ń pariwo lọ́hùn-ún pé, "Dókítà, náítíréètì ni! Omi ilé wa ni, ó lé ní ọgọ́rin!"

Wọ́n wá abẹ́rẹ́ kan rí, omi inú rẹ̀ bí aró. Kò pé wákàtí kan, ètè Ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ké. N kò gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá

Inúolúwa kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó bu omi ẹ̀rọ wa sí ìgò kan, ó gbé e jáde. Nírọ̀lẹ́ ó fi bébà kan sórí tábìlì. Méjìlélọ́gọ́rin.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá

Ó ń lọ láti ilé dé ilé ní kílóòsì, ó ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ní ọmọ ọwọ́. Ó tún lọ bá àwọn apẹja, ó ní ohun tí òun wí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó délé, ó jẹun lórí ìdúró. Mo kí i kú iṣẹ́. Ó dáhùn, kò wojú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Ó sọ̀rọ̀ lónìí. Kò pariwo, ó ṣe mí bíi kó pariwo. Ó ní, "Mọ́mì, ká ní ẹ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo ti Ìbàdàn dé ni, ọjọ́ méjì péré ni mo máa fi bínú. Odò ṣì kún nígbà yẹn. Mi ò bá tún gbé ọkọ̀ lọ bu òmíràn."

Odò ṣì kún. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Látọjọ́ yìí tí mo ti ń rò ó, n kò ro ìyẹn rí. Ìgò ni mo ń rò.

Mo ní ṣé kò lè lọ bu ú báyìí. Ó ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ó ní ohun tí Ògùn rù lọ sókun lọ́dún yìí ti lọ, ẹnikẹ́ni kò ní mọ iye rẹ̀ mọ́ láé. Ó kó àwo oúnjẹ, ó fọ̀ ọ́, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kọkànlá

Ìpàdé. Ó dúró níwájú wọn, ó ní kí wọ́n pa oṣù kẹsàn-án rẹ́. Ó ní omi náà bàjẹ́ níbi tí òun tọ́jú rẹ̀ sí, ẹbi òun ni. Ẹbi òun! Wọn kò gba iṣẹ́ náà wọlé, wọ́n ní kó dúró de ìkún omi ọdún tó ń bọ̀. Ó ti kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí Jámánì láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n ti fèsì, ìlà mẹ́ta. Wọ́n dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́, wọ́n ti fún ẹlòmíràn láyè náà.

Mo ní kí ló dé tí kò dárúkọ mi fún wọn. Ó ní, "Orúkọ yín wà lójú ìwé tí mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, Mọ́mì. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ yọ ọ́." Mo sunkún níwájú rẹ̀. Kò wá dì mọ́ mi. Kò sì jáde kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ti dá Bernice àti ọmọ sílẹ̀ láti àná. Ó wọlé wá láàárọ̀, ó wé gèlè, ó gbé Ìyìn lé mi lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde, ó ní rárá. Ó ní wọ́n ti ṣàlàyé fún òun pé omi ni. Ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fún un lómi ẹ̀rọ. Orí kunkun ló gbé mi lọ pọn tilé kejì. Ká ní ẹ ò tọ́jú ọmọ yìí dáadáa lọ́sàn-án ni, mi ò bá ti pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, mà."

Ìyìn di ìka mi mú. Ó wúwo díẹ̀ sí i. Inúolúwa wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń gbọ́. Kò ní sọ ọ́ bí n kò bá sọ ọ́, mo mọ̀. Ìyá ọmọ ń bẹ̀ mí. Gbólóhùn kan péré ló kù: mo ti forí jì ẹ́. Gbogbo rẹ̀ á pé, kò sí ẹni tí yóò kà á tí yóò rí i pé ó dín.

Mo sọ fún un. Mo sọ ti sókàwé àti ti òdòdó mi. Mo sọ ti ìgò. Mo sọ pé ẹ̀rọ kò bàjẹ́, pé èmi ni mo lẹ bébà mọ́ ọn. Mo sọ pé omi mi ni mo fi ń po mílíìkì ọmọ rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án, pé ọjọ́ Àìkú ni mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pé ọjọ́rú ni mo tó la ẹnu.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Mo rí i tó ń fi àtàǹpàkò ka ìka rẹ̀. Ajé. Ìṣẹ́gun. Ó dúró lórí ìka kẹta, kò kà á.

Ó dìde. Ó tún aṣọ rẹ̀ ró. Kò bú mi, kò pè mí ní Mọ́mì, kò pè mí ní nǹkan kan. Ó na ọwọ́ méjèèjì, mo sì gbé ọmọ rẹ̀ fún un.